Olùránnilétí

Obìnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Hester Quaife lorúkọ rẹ̀,
iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí wọ́n má gbọ́ ọ.
Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé ló ń jókòó sí, lórí àpótí ọsàn,
ìwé eré lórí itan, iná bíńtín lábẹ́ àgbọ̀n.
Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀,
á jù ú sí i bí ẹni ń ju àgbàdo fún ẹyẹ:
ẹyọ kan péré, kẹ́lẹ́, kó má kọjá etí ìtàgé.

Ọ̀ọ́dúnrún alẹ́ ó lé méjìlá ni wọ́n fi ṣe eré opó náà,
ọ̀ọ́dúnrún alẹ́ ó lé méjìlá ni Adela Thirkell di lẹ́tà ọkọ rẹ̀ mú,
tó yẹ kó wí pé, "N kò tíì ṣí i,"
tó ń gbàgbé.
Ojú ibẹ̀ gan-an. Kì í yẹ̀.
Ó mọ ọ̀rọ̀ yòókù bí ẹni mọ ọ̀nà ilé,
àfi àbáwọlé yìí tó máa ń fẹsẹ̀ kọ.
Hester á ní, "N kò tíì ṣí i."
Adela á gbà á, á fi igbe gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tálákà lókè lọ́hùn-ún,
wọn á nu ojú.

Lọ́dún tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀,
wọ́n ra eré náà, wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí abà ńlá kan lẹ́yìn ìlú,
tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀.
Wọ́n ti kámẹ́rà mọ́nú àpótí kí ariwo rẹ̀ má baà jáde,
òun àti ẹni tó ń yí i, tó ń làágùn bí ìkòkò.
Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nínú àwo òdòdó.
A ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ògiri létí;
lọ́jọ́ náà, òdòdó létí.
"Ẹ má pariwo mọ́, Mísì Thirkell,"
ni Penhale wí, ọmọkùnrin ará Cornwall tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì,
"òdòdó ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀."
Ohùn tó fi ogún ọdún kọ́ láti fò dé àjà,
wọ́n ní kó ká a kò bí ẹ̀wù òtútù.

Rélùwéè kọjá, wọ́n dúró.
Òjò rọ̀ sórí páànù, wọ́n dúró.
Inú ọ̀gá Lumley kùn, wọ́n dúró.
Ó di ìgbà keje, owó ń tán lọ,
Adela gbé lẹ́tà sókè,
ó gbàgbé.

Ẹ gbọ́ ìdákẹ́ yẹn.
Iná ń hó. Fíìmù ń lọ.
Hester wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún un,
ó fọwọ́ bo ẹnu.
Ó jáde láàárín ìka: "N kò tíì ṣí i."

Òdòdó gbọ́.
Penhale nawọ́ sókè lẹ́yìn gíláàsì,
ó ní ẹnì kan wà nínú ohùn tí kò sí nínú àwòrán.
Lumley wo aago, ó wo ìwé owó.
"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."
Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún Hester ní àsíá pupa,
kó lọ dúró síta, kó máa ṣọ́ rélùwéè.

Ìwé ìròyìn ní ọgbọ́n ńlá ni,
pé òkú ọkọ ló ń sọ̀rọ̀ sí opó létí.
Lumley kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Hester san sísì ní Kilburn,
ó jókòó sáàárín àwọn ọmọge ilé ìfọṣọ, omi ń kán lára agbòjò rẹ̀.
Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́.
Eléyìí balẹ̀, kò fọ́,
ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń yí gbirigbiri bọ̀.
Ó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Bí opó ṣe gbé lẹ́tà sókè,
tí ojú rẹ̀ ṣófo bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀,
ẹ̀rù ba Hester: bóyá tòní ni kò ní rántí.
Ó tẹ̀ síwájú nínú òkùnkùn, ó wí i.

"Ìyá, ẹ dákẹ́ jàre," ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ,
"ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀."